Bioko, Òkè Iná Tó Wà Nínú Òkun Wa

Erékùṣù Bioko, tí àwọn àgbàlagbà mọ̀ sí Fernando Po, wà nínú òkun níbi tí etíkun Nàìjíríà ti parí tí etíkun Kamẹrúùnù sì ti bẹ̀rẹ̀. Òkè ayọnáyèéfín ni erékùṣù náà látòkè délẹ̀. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló gbé àpáta rẹ̀ jáde, ara àpáta náà sì ni iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń dá oko sí níbẹ̀ ti wá. Bí a bá fa okùn tààrà láti Àkúrẹ́ dé téńté òkè tó ga jù ní Bioko, okùn náà yóò gùn tó nǹkan bí kìlómítà 570. Bí a bá fa òmíràn láti Àkúrẹ́ lọ sí Kánò, yóò lé ní 600. Láti ìlú Oǹdó náà, díẹ̀ ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Òkè iná tó ṣì lè yọ iná ló súnmọ́ ilẹ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀, òkun tó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni òkun tó ń fọ etí ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Nǹkan bí kìlómítà 70 ni Bioko gùn, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 32. Àpapọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,017 kìlómítà níbùú lóròó. Bí a bá pín ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó sí ọ̀nà mẹ́jọ ọgbọọgba, Bioko fi díẹ̀ ju ìpín kan lọ. Kìlómítà bíi 32 ló wà láàárín erékùṣù náà àti etíkun Kamẹrúùnù, ó sì tó nǹkan bí 140 láti Kàlàbá dé Malabo, ìlú ńlá tó wà ní etíkun àríwá rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea ló ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà wà lórí ilẹ̀ Áfíríkà gan-an, láàárín Kamẹrúùnù àti Gabon.

Òkè ńlá mẹ́ta ló para pọ̀ di erékùṣù yìí. Ọ̀kan gba gbogbo apá àríwá, méjì yòókù fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ ní gúúsù, ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sì wà láàárín apá méjèèjì. Pico Basilé ni orúkọ ti àríwá, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3,011. Kò sí òkè tó ga tó o ní Nàìjíríà: Chappal Waddi ní Ìpínlẹ̀ Taraba, tó ga jù ní orílẹ̀-èdè yìí, jẹ́ mítà 2,419, òkè Ìdànrè kò sì pé mítà 1,000 sókè ojú òkun. Àwọn òpó tí wọ́n fi ń gbé ohùn rédíò àti àwòrán tẹlifíṣọ̀n káàkiri erékùṣù náà wà ní téńté Pico Basilé, títì kan sì wà tí ọkọ̀ lè gbà débẹ̀. Ní ọjọ́ tí ojú sánmà bá mọ́, ẹni tó bá dúró lókè yóò rí òkè Kamẹrúùnù ní òdìkejì omi, òkè tí òun náà ṣì ń yọ iná.

Ní gúúsù, Gran Caldera de Luba ga tó mítà 2,261, Pico Biao sì ga tó 2,009. Òjò àti odò ti gbẹ́ àwọn méjèèjì sí àfonífojì jíjìn. Orí Gran Caldera ti wó wọlé sínú ara rẹ̀ láyé àtijọ́, ó wá di kòtò ràgàjì tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà bíi márùn-ún, tí ògiri àpáta yí ká, tí igbó dídí sì bo inú rẹ̀. Bí irú kòtò bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí àpáta yíyọ́ tó wà lábẹ́ òkè bá tú jáde lójijì, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ yóò ṣófo, orí òkè kò ní rí ohun tí yóò dúró lé, yóò sì wó lulẹ̀. Lórí Pico Biao, omi òjò ti kún kòtò ẹnu òkè, ó sì ti di adágún. Èbúté Malabo pàápàá jẹ́ ẹnu òkè iná àtijọ́ kan: òkun ya ògiri rẹ̀ ní ìhà àríwá, omi wọlé, ó sì di ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń sá sí fún ìjì. Ìdí nìyí tí èbúté náà fi rí bíríkítí tó sì jìn létí ilẹ̀.

Láti mọ ibi tí iná náà ti wá, a ní láti sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀. Èèpo ilẹ̀ ayé, tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, nípọn ní ibi kan ju ibòmíràn lọ: lábẹ́ òkun, kìlómítà bíi méje péré ni, lábẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, ó lè tó 30 tàbí 40. Ìpele àpáta mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó gbóná gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé omi iná ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àpáta líle ni, nítorí ìwúwo gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀ kò jẹ́ kó yọ́. Níbi tí apá kan rẹ̀ bá ti rọra ń gòkè bọ̀, ìwúwo tó tẹ̀ ẹ́ yóò dín kù, díẹ̀ lára rẹ̀ yóò sì yọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Èyí tó yọ́ fúyẹ́ ju àpáta tó yí i ká, nítorí náà yóò máa wá ọ̀nà sókè. Bó bá rí ibi tí ilẹ̀ ti sán, yóò gba ibẹ̀ jáde. Ibi tó bá ti yọ ni òkè iná yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Bioko kì í ṣe òkè iná kan ṣoṣo ní agbègbè yìí. Òkè iná tò tẹ̀ lé ara wọn láti inú òkun Àtìláńtíìkì wọ àárín Áfíríkà ní ìlà kan tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 1,600. Erékùṣù Annobón ló wà ní òpin rẹ̀ nínú òkun. São Tomé ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Príncipe, lẹ́yìn náà Bioko. Nígbà tí ìlà náà bá gun èbúté, òkè Kamẹrúùnù ni ẹni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni Manengouba, Bambouto àti Oku. Lókè lọ́hùn-ún, ó ya sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan forí lé Ngaoundéré ní Kamẹrúùnù, èkejì sì wọ Nàìjíríà títí dé òkè Biu ní Ìpínlẹ̀ Borno. Nàìjíríà náà ní ìpín nínú ìlà iná yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ti apá Biu ti pa tipẹ́.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó fa ìlà yìí. Ní Hawaii, àlàyé rẹ̀ rọrùn: ibi gbígbóná kan wà lójú kan ní abẹ́ ilẹ̀, èèpo ilẹ̀ ayé sì ń rìn kọjá lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí erékùṣù bá ṣe jìnnà sí ibi gbígbóná náà tó ló ṣe dàgbà tó. Ìlà Kamẹrúùnù kò tẹ̀ lé irú ètò bẹ́ẹ̀. Àpáta Príncipe tó dàgbà jù ti lé ní mílíọ̀nù 30 ọdún, ti São Tomé tó nǹkan bí mílíọ̀nù 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpáta Bioko tí wọ́n ti yẹ̀ wò kò sì ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Síbẹ̀, òkè ti dìde nínú òkun àti lórí ilẹ̀ ní àkókò tó wọnú ara wọn. Èrò kan ni pé nígbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà pínyà, ní ohun tó lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ fà ya ní agbègbè yìí, ojú ọgbẹ́ àtijọ́ náà ni ooru ṣì ń gbà jáde. Èrò mìíràn ni pé ooru ló ń gòkè láti ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èèpo ilẹ̀ Áfíríkà ti nípọn. Ohun tó dájú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìlà náà kò sí ní etí àwo ilẹ̀ ayé kankan, ìyẹn etí àwọn ègé ńláńlá tí èèpo ilẹ̀ ayé pín sí, níbi tí ọ̀pọ̀ òkè iná àgbáyé wà. Ojú àwo Áfíríkà gan-an ló ti là.

Àwọn òkè Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ti gba inú ooru kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀. Òkè Ìdànrè kì í ṣe òkè iná, kò sì jẹ́ ọ̀kan rí. Àpáta yíyọ́ tí kò rí ọ̀nà jáde ni. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ó dúró sínú ilẹ̀ níbi tó jìn gan-an, ó sì tutù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni òjò, odò àti oòrùn jẹ ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ kúrò, tí ara rẹ̀ sì yọ sí gbangba. Ẹni tó bá mú ẹ̀là òkúta tuntun níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè yóò rí ìtàn yìí lójú ara òkúta. Ègé funfun tàbí pupa rúsúrúsú ńláńlá wà nínú rẹ̀, òmíràn gùn tó oríkèé ìka kan. Wọ́n ń pè é ní feldspar. Èyí tó ń dán tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gbà kọjá díẹ̀ ni quartz, èyí tó dúdú tó sì ń ṣí ní ìpele-ìpele ni mica. Wọ́n tóbi tó báyìí nítorí pé wọ́n rí àkókò tó pọ̀ láti dàgbà kí àpáta tó le.

Òkúta Bioko kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Basalt ló pọ̀ jù níbẹ̀, òkúta dúdú tí ojú kò lè rí ègé inú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ojú ilẹ̀ ló ti tutù, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. Ihò kéékèèké máa ń pọ̀ lára rẹ̀. Gáàsì ló wà nínú àwọn ihò náà nígbà tí òkúta ṣì ń ṣàn. Òkúta le, gáàsì lọ, ihò kù síbẹ̀. Níbi tí gáàsì ti pọ̀ gan-an, òkúta náà fúyẹ́ lọ́wọ́ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹ̀là òkúta méjì péré, ọ̀kan láti Ìdànrè, ọ̀kan láti Bioko, ti tó láti fi han akẹ́kọ̀ọ́ bí àpáta tó tutù nínú ilẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí èyí tó tutù níta.

Irú àpáta yíyọ́ tó bá wà nínú òkè ló ń sọ irú ìwà tí òkè náà yóò hù. Ẹ̀kọ tó ṣàn kì í ta síni lára lórí iná. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀kọ tó ki ló ń sé afẹ́fẹ́ mọ́nú títí yóò fi bẹ́ tí yóò sì ta sí ẹni tó ń rò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpáta yíyọ́. Ti Bioko àti ti òkè Kamẹrúùnù ń ṣàn, ooru rẹ̀ sì lè tó ìwọ̀n 1,100 sí 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, ó sábà máa ń ṣàn jáde láti ojú sísán ní ẹ̀gbẹ́ òkè, yóò sì máa rọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ní ipa àfonífojì. Níbi tí gáàsì ti ń tú u sókè, èérún rẹ̀ ń kó jọ yí ojú ihò náà ká, ó sì ń di òkìtì kékeré. Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ súà ní ẹ̀gbẹ́ Pico Basilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ àmì ibi tí iná ti yọ rí. Bí òkúta ṣe ń ṣàn lé òkúta, ìpele lórí ìpele, ni òkè náà ṣe ga tó báyìí, tí ìdí rẹ̀ sì gbòòrò.

Pico Basilé yọ iná ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí gúúsù-ìlà-oòrùn ló sì ti yọ. Ọdún 1923 ni ti ìkẹyìn. Ọgọ́rùn-ún ọdún pọ̀ lójú ènìyàn, àmọ́ kò tó nǹkan lójú òkè tó ti ń yọ iná láti ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Òkè tó bá ti yọ iná láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún tó kọjá ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà mọ́ àwọn tó ṣì wà láàyè, Pico Basilé sì wà lára wọn.

Arákùnrin rẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ ni ara rẹ̀ kò balẹ̀. Òkè Kamẹrúùnù, tó ga ju mítà 4,000 lọ, yọ iná ní ọdún 1922, òkúta yíyọ́ sì ṣàn dé inú òkun ní ìhà Bibundi. Ó tún yọ ní 1954, 1959, 1982, 1999, 2000 àti 2012. Ti 1999 gé títì etíkun tó wá láti Limbe, nítòsí abúlé Bakingili, díẹ̀ ló sì kù kó dé òkun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni Bioko náà lè retí, nítorí pé irú àpáta kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì: òkúta tó ń ṣàn, tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ sá fún, ṣùgbọ́n tí oko, ilé àti títì kò lè sá fún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cape Verde, nínú òkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Sẹ̀nẹ̀gà, ṣe àfihàn èyí. Erékùṣù Fogo níbẹ̀ ní òkè iná tó ga tó mítà 2,829, àwọn ènìyàn sì ń gbé inú kòtò ńlá tó wà nídìí rẹ̀, wọ́n ń gbin àjàrà àti kọfí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2014, ilẹ̀ sán ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Títí di oṣù kejì ọdún 2015 ni òkúta yíyọ́ fi ń jáde, ó sì gba orí abúlé Portela àti Bangaeira kọjá. Ilé wó, ọgbà àjàrà rì, àmọ́ ẹ̀mí kankan kò ṣòfò, nítorí pé wọ́n ti kó àwọn ará abúlé kúrò lọ́nà. Ìmìtìtì ilẹ̀ wẹ́wẹ́wẹ́ máa ń ṣáájú irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ máa ń wú díẹ̀, gáàsì tó ń jáde sì máa ń yí padà. Ẹ̀rọ lè ka gbogbo rẹ̀ kí ojú tó rí nǹkan kan.

Iná nìkan kọ́ ni ewu inú ìlà Kamẹrúùnù. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, gáàsì carbon dioxide tú jáde láti ìsàlẹ̀ adágún Nyos ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Kamẹrúùnù. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń rìn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì níbi tí àwọn ènìyàn sùn sí. Nǹkan bí 1,700 ènìyàn ló kú, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ màlúù wọn. Iná kankan kò yọ lọ́jọ́ náà. Láti inú àpáta yíyọ́ tó wà nísàlẹ̀ ni gáàsì ti ń jò wọ omi adágún díẹ̀díẹ̀, títí omi kò fi lè gbà á mọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n ri páìpù sínú adágún náà, kí gáàsì lè máa jáde ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bioko kì í ṣe erékùṣù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Omi tó wà láàárín òun àti Kamẹrúùnù kò jìn ju nǹkan bí mítà 60 lọ. Nígbà tí yìnyín bo apá àríwá ayé, omi òkun dín kù, ojú rẹ̀ sì fi nǹkan bí mítà 120 rẹlẹ̀ ju ti òní lọ. Nígbà náà, ẹsẹ̀ ni ẹranko fi ń rìn láti igbó Kamẹrúùnù lọ sí ẹsẹ̀ Pico Basilé. Nígbà tí yìnyín yọ́, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí méjìlá ọdún sẹ́yìn, òkun bo ọ̀nà náà, àwọn ẹranko tó wà ní òdìkejì sì há síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oríṣi ọ̀bọ méje fi wà ní Bioko, tí díẹ̀ nínú wọn sì ti yàtọ̀ sí ìbátan wọn tó wà lórí ilẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan sì wà ní orí Pico Basilé tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé. São Tomé, Príncipe àti Annobón kò bá ilẹ̀ Áfíríkà so pọ̀ rí. Òkun jíjìn yí wọn ká, nítorí náà ẹyẹ àti kòkòrò tó lè fò, àti ohun tí omi lè gbé, ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Gíga àwọn òkè náà ló ń darí òjò. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń fẹ́ wá láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn lórí òkun, ó kún fún omi, ó sì kọ lu òkè gúúsù Bioko. Kò rí ọ̀nà mìíràn ju kó gòkè lọ. Bó ti ń gòkè ló ń tutù, bó ti ń tutù ló ń da omi tó gbé sílẹ̀. Abúlé Ureka, ní etíkun gúúsù, ń gba òjò tó lé ní mìlímítà 10,000 lọ́dún. Òjò Àkúrẹ́ jẹ́ nǹkan bí 1,500. Malabo, tó wà lẹ́yìn òkè, ń gba nǹkan bí 1,900, bẹ́ẹ̀ erékùṣù kan náà ni. Ìjàpá òkun ń yé ẹyin sínú yanrìn dúdú etíkun Ureka, yanrìn tó jẹ́ basalt tí ìgbì ti lọ̀ kúnná.

Ẹni tó bá ń gun Pico Basilé láti etíkun yóò kọ́kọ́ gba inú igbó gbígbóná kọjá, níbi tí oko kòkó wà. Bó bá ń gòkè, igi yóò máa kúrú, èéhù yóò máa bo ara wọn, ìkùukùu yóò sì máa wà láàárín igi lọ́pọ̀ ọjọ́. Nítòsí téńté, koríko àti igi wẹ́wẹ́ ló kù, òtútù ibẹ̀ sì ń mú ènìyàn gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà agbedeméjì ayé kò jìnnà. Ní gúúsù, ilẹ̀ gíga Moka, tó lé ní mítà 1,000 sókè òkun, tutù tó láti gbin ewébẹ̀ tí kò fẹ́ràn ooru.

Àwọn Bubi ni onílẹ̀ Bioko. Wọ́n ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ òkè náà kí Fernão do Pó, atukọ̀ ará Pọtogí, tó débẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1472. Pọtogí fi erékùṣù náà lé Sípéènì lọ́wọ́ ní 1778. Ní 1827, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ ibùdó dó sí èbúté ẹnu òkè iná náà láti máa dènà ọkọ̀ ẹrú, ibẹ̀ ló sì di Malabo. Lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n fún erékùṣù náà ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí.

Ilẹ̀ òkè iná ló pe àgbẹ̀ wá síbẹ̀. Basalt kún fún calcium, magnesium àti iron. Bí òjò àti ooru ṣe ń jẹ ẹ́, ó ń di iyẹ̀pẹ̀ pupa dúdú tó jìn, tó ń di omi mú, tó sì ń tú oúnjẹ sílẹ̀ fún igi lọ́dọọdún. Láti Bràsíl ni kòkó ti dé Príncipe ní 1822. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká àwọn erékùṣù inú ìlà iná yìí títí ó fi dé Fernando Po, níbi tó ti rí ilẹ̀ tó bá a lára mu. Iṣẹ́ oko náà pọ̀ ju ọwọ́ àwọn onílẹ̀ lọ, àwọn olóko sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó alágbàṣe wọlé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì fọwọ́ sí àdéhùn ní 1942 láti máa kó òṣìṣẹ́ láti Nàìjíríà lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló lọ, tí èyí tó pọ̀ jù sì wá láti ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí. Ìyà jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn níbẹ̀, títí ìjọba Nàìjíríà fi kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà wálé ní 1975 àti 1976.

Orí ilẹ̀ òkè iná yìí náà ni ìtàn Bioko ti wọ oko Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti Fernando Po ni ìjòyè kan ní agbègbè Bonny ti mú èso kòkó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1874, gẹ́gẹ́ bí ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe kọ ọ́. Láti erékùṣù kan náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tetteh Quarshie ti mú u lọ sí Gánà láàárín ọdún mélòó kan sí ìgbà náà. Kòkó tàn láti etíkun dé Agége, ó dé Ìbàdàn, ó dé igbó Oǹdó, Ìdànrè, Ilé-Olújìí àti Àkúrẹ́, títí Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi di ibi tí kòkó ti ń jáde jù ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá sá kòkó sójú oòrùn ní ìlú Oǹdó lónìí, irúgbìn tó la ilẹ̀ òkè iná kọjá ló wà níwájú rẹ̀.

Àmọ́ ilẹ̀ tí kòkó bọ́ sí níhìn-ín yàtọ̀ sí èyí tó kúrò lórí rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ Oǹdó wá láti ara àpáta àtijọ́ tí òjò ti fọ̀ fún àìmọye ọdún. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ ti ṣàn lọ, èyí tó kù sì wà ní òkè fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, nínú ewé tó ń jábọ́ tó sì ń jẹrà lábẹ́ igi. Níbi tí wọ́n bá ti gé igbó kúrò pátápátá, tí oòrùn sì ń pa ilẹ̀ lójú, iyẹ̀pẹ̀ náà kì í pẹ́ rẹ̀. Kò sí òkè iná kan lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò da eérú tuntun lé e lórí. Igi ìbòòji àti ewé ilẹ̀ ni ajílẹ̀ tí igbó fúnra rẹ̀ ń pèsè fún kòkó Oǹdó, àgbẹ̀ tó bá sì pa wọ́n mọ́ ló pa oko rẹ̀ mọ́.

Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó láti bẹ̀rù òkúta yíyọ́. Bí Pico Basilé bá tilẹ̀ yọ iná lọ́la, òkun àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ló wà láàárín, irú òkè bẹ́ẹ̀ kì í sì í da eérú jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ní ìhà Ìjẹ̀bú ní 1984 kò ní òkè iná nínú. Àpáta àtijọ́ tó sán ló sún díẹ̀. Àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ òkè náà gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn, àwọn náà ló sì yẹ kí wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró abẹ́ ilẹ̀ lọ́sàn-án lóru, kí wọ́n sì mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà jáde, gẹ́gẹ́ bí ará Fogo ṣe ṣe.

Ìmọ̀ ni ìpín ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa àpáta àti ilẹ̀, yunifásítì ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ ní jíógíráfì. Ó yẹ kí àwọn ọmọ náà kọ́ nípa Bioko kí wọ́n tó kọ́ nípa òkè iná Ítálì àti ti Japan, kí wọ́n di ẹ̀là òkúta Ìdànrè mú lọ́wọ́ kan àti basalt lọ́wọ́ kejì, kí wọ́n sì mọ̀ pé òkè iná tó súnmọ́ wọn yìí kò tíì kú.